Bàkónì Tí Ẹ Kọ́ Sójú Ọjà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín, kó sì jẹ́ kí ilẹ̀ tutù fún yín.

Bàkónì ṣọ́ọ̀bù yín ti wó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ ilé ná, kí n tó dé orí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti há mi lọ́fun jù. Ara Màmá yá. Wọ́n ti padà sí Ọ̀kà sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ń bá àwọn ewúrẹ́ àdúgbò jà lórí rẹ̀. Èmi ṣì ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkàrẹ́. Kántà yín ṣì wà níbi tí ẹ gbé e sí. Ohun tó wà níta ló yí padà, òun náà ló sì sọ mí di ẹni tó ń bẹ̀rù báyìí. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ gbogbo rẹ̀ fún tí kò ní ní kí n lọ sinmi.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, káńsù pe gbogbo àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì ọjà àtijọ́ sí ìpàdé. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ dáàbò bo títì náà, torí pé àwọn ilé ibẹ̀ ti pẹ́, irú wọn ò sì pọ̀ mọ́ ní Àkókó. Wọ́n ka ìlànà kan sí wa létí. Ẹni tó ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kò gbọdọ̀ pa ojú rẹ̀ dà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà oòrùn àti nígbà òjò; a ò gbọdọ̀ mọ ògiri dí i nítorí pé a fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wa fẹ̀ sí i. Ilẹ̀kùn onígi ni ká máa lò, kì í ṣe ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń ká lọ sókè. Sáìnbọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ kọjá àtẹ́rígbà, kó má baà bo fèrèsé òkè. Wọ́n tilẹ̀ sọ irú ọ̀dà tá a lè kùn: funfun, tàbí àwọ̀ pupa bíi ti ilẹ̀ wa níbí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùn-ùn. Ọkùnrin tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá káńsù náà ni yóò máa bá òun pe oníbàárà.

Èmi jókòó, inú mi ń dùn. Ẹ̀yin ni mo ń rò. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń kọjá sí òdìkejì títì lẹ́yìn ìrun Àlásárì, tí ẹ á káwọ́ sẹ́yìn, tí ẹ á máa wo ilé náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń wọ aṣọ ọdún. Mo rò ó pé, bí Bàbá bá wà níbí, wọn ì bá ti kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ka èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú ilé, ì báà jẹ́ àtúnṣe kékeré, àfi tí wọ́n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ilé tí wọ́n bá rí i pé ó léwu, wọn yóò fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, wọn yóò sì wó o. Ibẹ̀ ni ayọ̀ mi parí sí.

Ìdí ni pé bàkónì wa ti sán, Bàbá. Ìlà kan wà níbi tí òpó ọwọ́ ọ̀tún ti pàdé ilẹ̀ bàkónì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀dà ló ń bó. Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi máa dáwọ́ dúró, ìka mi ti ń wọ inú rẹ̀. Tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rí erùpẹ̀ funfun nílẹ̀, tó dà bí ìyẹ̀fun, ní ibì kan náà lójoojúmọ́.

Ibi tí erùpẹ̀ yẹn ń dà sí gan-an ni àwọn ọmọ kéwú máa ń tẹ́ ẹní sí. Ààfáà Múnírù ò kúrò níbi tí ẹ fún wọn nígbà tí wọn ò níbi tí wọ́n máa kó àwọn ọmọ sí. Wọ́n ti darúgbó gan-an báyìí, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ́n á wá, wọ́n á fẹ̀yìn ti títì, àwọn ọmọ á sì jókòó kọjú sí wọn lábẹ́ bàkónì. Èmi á wà nídìí kántà. Etí mi á máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, ojú mi á wà lórí ìlà yẹn. Bí ọkọ̀ tírélà bá ń lọ sọ́nà Ọ̀wọ̀ tí ilẹ̀ sì mì tìtì, màá di kántà mú. Oníbàárà á ní kí n wọn aṣọ fún òun, màá wọ̀n ọ́n, màá tún un wọ̀n, torí n kò ní mọ ibi tí mo bá a dé.

Ṣé ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè sọ? Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sí ilé àwọn aránṣọ tó wà ní ìparí títì. Katapílà dé láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, òkìtì bíríkì ló kù, àwọn aránṣọ sì ń ṣa ẹ̀rọ wọn nínú eruku. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá rí ẹni tó gbé agolo ọ̀dà lójú títì, àyà mi á já. Ilé yìí nìkan ni mo tún lè fọwọ́ kàn lára ohun tí ẹ ṣe láyé. Ẹ̀rù ohun tó lè ṣe àwọn ọmọ ń bà mí, ẹ̀rù katapílà ń bà mí, àwọn ẹ̀rù méjèèjì sì ń fà mí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àsìkò yẹn ni Bùọ̀dá Ráfíù, àkọ́bí yín, dé láti Lọ́kọ́ja. Kò tíì jókòó mu omi tó fi bọ́ síta tó ń wo òkè. Ó ní ká wó gbogbo ojú ilé náà, òpó àti bàkónì, ká fi gíláàsì àti táìsì sí i bíi ti àwọn ará Àkúrẹ́. Mo sọ̀rọ̀ ìlànà káńsù fún un. Ó ní òun ò mọ ìlànà kankan, pé ilé bàbá òun ni. Ó ń yára sọ̀rọ̀, kò sì wo ojú mi. Mo rò pé ojú ń tì í nítorí ilé yín ni, pé ó fẹ́ kí á dà bí àwọn olówó. Ó dùn mí gan-an. Ó padà sí Lọ́kọ́ja, a ò sì pe ara wa lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó lé mi dé káńsù nígbẹ̀yìn ni wàláà ọmọ kan, pákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí. Àwọn ọmọ ti dìde lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sí ẹnì kankan lórí ẹní wọn. Mo gbọ́ pàà. Kókó sìmẹ́ǹtì kan, tó tó ìkúùkù àgbàlagbà, ti já bọ́ sórí wàláà Rókíbà, ọmọ-ọmọ Ààfáà, ó sì ti là á. Ọmọ náà padà dé pẹ̀lú omi lójú, ó gbé abala igi rẹ̀ méjèèjì, ó ń wá ẹni tó fọ́ ọ. Mo wo ibi tí orí rẹ̀ máa ń wà tó bá tẹrí ba kàwé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí káńsù.

Wọ́n rán obìnrin kan tó ń yàwòrán ilé sí mi. Tóyìn lorúkọ rẹ̀. Àkúrẹ́ ló ti wá, òun ló ń bójú tó ìlànà títì wa, kò sì ju àbúrò mi ìkẹyìn lọ lọ́jọ́ orí. Ó wo bàkónì títí, ó lọ síbi òpó ọwọ́ ọ̀tún, ó ká ìka, ó fi oríkèé rẹ̀ kan òpó náà kó, kó, kó, ó sì gbé etí sí i.

Bàbá, ohun tí ẹ máa ń ṣe nìyẹn. Láràárọ̀, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ máa ń kan òpó yẹn. Láti kékeré ni mo ti rò pé ẹ ń kí ilé ni. Mo tilẹ̀ máa ń kan án lẹ́yìn yín, màá ní ẹ káàárọ̀ fún un, ẹ̀yin á sì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé ẹ ò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ ń tẹ́tí sí i. Báwo ni ó ṣe ń dún fún yín nígbà yẹn? Ìgbà wo ni dídún rẹ̀ yí padà?

"Mà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún," ni obìnrin náà wí. "Inú rẹ̀ ti ṣófo. Irin tó wà níbẹ̀ ti dípẹtà tán."

Mo bi í bóyá yóò fi ọ̀dà pupa sí i.

"Torí kí títì yìí lè dára la ṣe ṣe ìlànà, kì í ṣe kí ilé lè pa èèyàn," ló fèsì. "A ó kọ́kọ́ fi igi gbé e dúró, a ó tú u díẹ̀díẹ̀, a ó sì tún un kọ́ bó ṣe wà. Àmọ́ láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbí."

Ó ní àwọn káfíńtà yóò kó igi wá tí ọ̀sẹ̀ tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá Ààfáà, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ, pé ẹ̀yin lẹ fi àwọn síbẹ̀, pé tí ẹ bá máa lé àwọn, ẹ̀ bá ti lé àwọn nígbà tí ẹ wà láàyè.

"Ààfáà, ibẹ̀ ti fẹ́ wó," ni mo wí. "Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ní kí ẹ máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kó aṣọ kúrò nílẹ̀."

Wọ́n ní kí Rókíbà ká ẹní. Ìrọ̀lẹ́ yẹn, àwọn ọmọ ké kéwú wọn láàárín àǹkárá àti léèsì, Ààfáà sì jókòó sórí àga yín. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, mo nu ojú, mo jáde.

Mo pe Bùọ̀dá Ráfíù, mo sọ ohun tí obìnrin náà wí fún un. Mo rò pé yóò tù ú nínú. Àṣé mo tún dá kún ohun tó ń dà á láàmú ni. Ní àárọ̀ Sátidé, kí ọjà tó kún, ó dé pẹ̀lú àwọn lébìrà tó gbé hámà ńláńlá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní àwọn káfíńtà ń bọ̀, mo ní tí wọ́n bá lu òpó yẹn láìsí igi lábẹ́ bàkónì, a ò mọ ibi tí yóò wó sí. Ó ní kí n kọjá sí òdìkejì títì. Òógùn ti bo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì yọ.

Mo kọjá sí òdìkejì, síbi tí ẹ máa ń dúró sí. Kí ni ǹ bá ṣe? Lébìrà kan, ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀, gbé hámà sókè, ó lu òpó náà. Mo rí i tí bàkónì mí bí ẹran tí wọ́n gún lọ́bẹ. Bùọ̀dá Ráfíù náà rí i. Ó sáré wọ abẹ́ rẹ̀, Bàbá. Ó fi èjìká ti ọkùnrin yẹn jáde sí títì, gbogbo rẹ̀ sì dà wálẹ̀. Eruku bo ojú ọjà, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, ohùn mi ò sì dà bí ohùn mi. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, orí àti ọwọ́ rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lábẹ́ òpó. Àwọn alábàárù àti àwọn awakọ̀ ló bá wa gbé òpó náà.

Ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ níbi tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gé e. Ó ń rìn báyìí, ó kàn ń tiro. Kò sí ẹlòmíràn tó fara pa.

Ní ọsibítù, mo jókòó tì í, mo ń bínú sí i, mo sì ń dúpẹ́ pé mo ṣì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Ó kọjú sí ògiri, ó wá sọ̀rọ̀.

"Láti kékeré ni bàkónì yẹn ti ń bà mí lẹ́rù," ló wí. "Bàbá máa ń pè mí kí n bá wọn gbé àkàbà. Wọ́n á po sìmẹ́ǹtì sínú agbada, wọ́n á dí ìlà yẹn, wọ́n á kun ọ̀dà sí i. Wọ́n ní kí n má sọ fún Màmá, kí n má sọ fún ẹ̀yin kéékèèké. Kò sí ìgbà tí mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá tí n kò sáré."

Mo rántí pé lóòótọ́ ló máa ń sáré. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ebi ló ń lé e wọlé. Gbogbo ọdún tó fi wà ní Lọ́kọ́ja, tí a ń sọ pé kò fẹ́ràn ilé, ẹ̀rù ló gbé lọ sọ́hùn-ún. Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi gbé e lé ọmọdé lọ́wọ́? Àbí ẹ̀yin náà ò rí ẹni sọ ọ́ fún? Ṣé katapílà tiyín náà wà nígbà yẹn? N kò bi yín kí ẹ lè jẹ̀bi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Tóyìn wá wo òkìtì náà. Ojú rẹ̀ le, ó sì bá Bùọ̀dá Ráfíù sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bùọ̀dá jù ú lọ fíìfíì. Káńsù ní dandan ni ká tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: bàkónì, òpó, àti iṣẹ́ ọnà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe sókè ilẹ̀kùn bàkónì. Irin tuntun ni yóò wà nínú, ojú àtijọ́ ni yóò wà níta. Ó ní kí n mú fọ́tò wá. A ò ní ọ̀kan. Gbogbo fọ́tò ọdún tí a yà níwájú ilé, ẹsẹ̀ òpó ló parí sí, torí pé ojú wa ni ẹni tó ń ya fọ́tò ń wá. Ó wá ní kí n ṣàpèjúwe iṣẹ́ ọnà náà fún òun.

Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan sọ. Mo dàgbà lábẹ́ ohun tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì ṣe sókè yẹn, n kò mọ̀ ọ́n. Mo di ojú, òfo ni mo rí. Mo wá gbìyànjú láti rí ojú yín náà, ó pẹ́ kó tó wá. Nínú gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí láti ìgbà yìí wá, èyí ló burú jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń lọ ni, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hámà lù ú?

Mo lọ sí Ọ̀kà lọ bi Màmá. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, pé ẹ lé àwọn kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é kí ó lè yà àwọn lẹ́nu, pé àwọn ò sì rántí bó ṣe rí mọ́. Ààfáà ní òótọ́ ni pé àwọn máa ń kọjú sí ilé, àmọ́ ojú àwọn ò tó òkè mọ́ láti ọdún pípẹ́. Rókíbà ló dá sí i láti orí ẹní. Ó ní òdòdó ni. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í ní irọ́ ni, oòrùn ni. Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àṣé kí Ààfáà tó pè wọ́n wá jókòó lórí ẹní lábẹ́ bàkónì, ojú títì ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa wo òkè. Ààfáà ní kí wọ́n má jiyàn mọ́, kí oníkálukú yà á sórí wàláà rẹ̀.

Tóyìn kó gbogbo wàláà náà sílẹ̀ níwájú kántà. Kò sí méjì tó bára mu. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ya ìlà tó ń jáde láti àárín, gbogbo wọn ló sì ya ọ̀kan tó gùn ju àwọn yòókù lọ, tó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ohun tí Tóyìn mú nínú wọn nìyẹn. Bíríkìlà ṣe é bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òdòdó ni tàbí oòrùn. N kò mọ̀ bóyá tiyín ni. Mo ń wò ó lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún bi mí kí n má rí nǹkan sọ.

Wọ́n ti parí iṣẹ́ báyìí. A kun funfun sí i, ẹsẹ̀ òpó pupa. Tóyìn mú mi gun òkè, ó ní kí n fò lórí bàkónì náà, òun náà sì fò. Kò mì. Bùọ̀dá Ráfíù dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò wá, kò sáré.

Àwọn ọmọ padà sábẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé ọkàn mi yóò balẹ̀. Kò balẹ̀, Bàbá. Irin tuntun wà níbẹ̀, mo rí i kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì lé e, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí tírélà bá kọjá, màá tún di kántà mú. Ní ọjọ́ kẹta, mi ò lè fara dà á mọ́ nídìí kántà. Mo gbé àpótí ìjókòó jáde, mo lọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ òpó ọwọ́ ọ̀tún gan-an, láàárín àwọn ọmọ. Ààfáà bi mí pé ta ló ń ta ọjà. Mo ní mo fẹ́ kọ́ kéwú ni. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, Rókíbà sì sún fún mi lórí ẹní.

Ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí, títí wọn yóò fi ká ẹní wọn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo kàn ti rí ibi tí mo lè wà pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ẹ sùn dáadáa, Bàbá mi. Ẹ má ṣe jí nítorí ilé mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yín.